Ọ̀rọ̀ àwọn tí kò pọ̀: ṣé ẹjọ́ ilé onílé ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka gbólóhùn gígùn láìfi ìka tẹ̀lé e, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń fi ìka tẹ̀lé e, ẹ má kánjú. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú.

Ìbéèrè kan ni. Bí àwọn tó pọ̀ nínú ìlú kan bá ń fi ìyà jẹ àwọn tí kò pọ̀, ṣé ó yẹ kí ará ìta dá sí i? Àbí ẹjọ́ ilé onílé ni, tí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilé kò gbọdọ̀ bá wọn dá?

Kí ẹ tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí à ń pè ní "àwọn tí kò pọ̀". Ẹ wo àwa fúnra wa. Ní ilẹ̀ Benin, àwa tí à ń sọ Nàgó, láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́, láti Ìdàáṣà dé Àjàṣẹ́, bí wọ́n bá ka gbogbo wa pọ̀, a kò tó ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní Togo, àwọn Ifẹ̀ tó wà lágbègbè Atakpamé kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rìn díẹ̀ kọjá ẹnubodè lọ sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹ ó bá àwọn tó ń sọ irú èdè wa, tí wọ́n pọ̀ bí eéṣú, tí ẹnikẹ́ni kò lè pè wọ́n ní kékeré. Kí ló yí padà? Ẹ̀jẹ̀ kò yí padà. Oríkì kò yí padà. Ìlà kan ni àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fà ní ọdún 1889, tó la ilẹ̀ Kétu sí méjì. Oko ẹlòmíràn bọ́ sí apá kan, ilé rẹ̀ bọ́ sí apá kejì. Ẹbí kan ṣoṣo wá di ara àwọn tó pọ̀ níhìn-ín, ó di ara àwọn tí kò pọ̀ lọ́hùn-ún.

Nítorí náà kíkéré kì í ṣe àbùkù tí a bí mọ́ ènìyàn. Ibi tí ènìyàn dúró sí ló ń sọ ọ́ di púpọ̀ tàbí díẹ̀. Ẹ tún wo inú abúlé wa. Níbẹ̀, àwa la pọ̀. Fúlàní tó ń da màlúù, tó pa àgọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn odò, òun ni kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n kọ̀ láti dá lóhùn ní ọ́fíìsì ìjọba nítorí pé kò gbọ́ Faransé, ó lè dé ilé kí ó má dá ẹlòmíràn lóhùn nítorí pé kò gbọ́ Nàgó. Mo ti rí i.

Ó dára. Ṣé ó wá kan ará ìta? A mọ bí àwọn àgbà ti máa ń wí: ọ̀rọ̀ ilé ẹni, a kì í gbé e lọ síta. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àlejò kò mọ bí ìjà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lè dá ẹni tó jẹ̀bi láre. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ kejì yìí ló wúwo jù. Ẹni tí wọ́n ń nà nínú ilé, tó jẹ́ pé gbogbo ará ilé ló ń nà án, ta ni yóò ké pè bí kò bá ké pe ará ìta? Bí onídàájọ́ ilé bá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń nà án, ọ̀nà wo ló kù?

Ọ̀nà tí ayé gbà dé ibi tí a wà lónìí kò gún. Lẹ́yìn ogun ńlá ti ọdún 1914 sí 1918, àwọn ìjọba ńláńlá kan fọ́ ní Úróòpù. Wọ́n dá orílẹ̀-èdè tuntun sílẹ̀, wọ́n fa ààlà tuntun. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n bá ara wọn lábẹ́ ìjọba tí kò gbọ́ èdè wọn. Àwa tí a mọ̀ nípa 1889, a mọ bí ó ti ń rí. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1919, Pólándì tọwọ́ bọ àdéhùn kan pé òun yóò jẹ́ kí àwọn Júù, àwọn Jámánì àti àwọn míràn tó wà lábẹ́ òun sọ èdè wọn, kí wọ́n ṣe ẹ̀sìn wọn, kí wọ́n sì ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn orílẹ̀-èdè míràn náà tọwọ́ bọ irú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-èdè tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà náà, tí ó ń jókòó ní Geneva, ni yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ lè kọ̀wé sí Geneva.

Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ òfin náà kò fi ara wọn sábẹ́ rẹ̀. Faransé kò tọwọ́ bọ irú rẹ̀ fún àwọn tí kò pọ̀ nílé tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ti àwa tí a wà lábẹ́ wọn ní Áfíríkà, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dárúkọ wa. Ní ọdún 1934, Pólándì dìde, ó ní òun kò ṣe mọ́, àfi bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá wọ inú òfin kan náà. Ẹ̀sùn tó kà sí wọn lẹ́sẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tó fi ẹ̀sùn náà ṣe ni kò dára: ó fi àìṣòdodo ẹlòmíràn ṣe àwáwí láti pa tirẹ̀ tì.

Èyí tó burú jù dé ní ọdún 1938. Hitler, olórí Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ń fi ìyà jẹ àwọn Jámánì tí kò pọ̀ tó wà ní Czechoslovakia, pé òun fẹ́ gbà wọ́n. Àwọn ìjọba ńlá jẹ́ kí ó gba ilẹ̀ tí àwọn yẹn ń gbé. Kò pé ọdún kan, ó kó ogun wọ ìlú Prague. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń bẹ̀rù bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀ wá gba àwọn tí kò pọ̀ sílẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó bá ní òun wá ṣèrànwọ́, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ìwé ló mú dání tàbí ìbọn. Kí ẹ sì béèrè bóyá yóò padà sílé rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá tán.

Nígbà tí wọ́n dá ONU sílẹ̀, tí wọ́n sì kéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1948, wọn kò sọ̀rọ̀ àwọn tí kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Àwọn tó kọ ọ́ rò pé bí a bá ti dáàbò bo ènìyàn kọ̀ọ̀kan, ó ti parí: bí Àìná bá ní ẹ̀tọ́, bí Òjó bá ní ẹ̀tọ́, kí ni a tún ń wá?

Ẹ rò ó wò. Ṣé ènìyàn kan lè dá nìkan sọ èdè? Ta ni yóò dá a lóhùn? Ṣé ènìyàn kan lè dá nìkan ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ẹnì kan ní láti gbẹ́ igi, ẹnì kan ní láti lu ìlù, ẹlòmíràn ní láti dá orin, àwọn ìyá sì ní láti wà níbẹ̀, torí tiwọn ni. Bí ìjọba bá sọ fún mi pé mo ní òmìnira láti sọ Nàgó, ṣùgbọ́n tó tú abúlé mi ká, tó kó ilé kọ̀ọ̀kan lọ sí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òmìnira kí ni mo ní? Ohun tí ìkéde 1948 fò nìyẹn. Ó di ọdún 1966 kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àdéhùn ńlá kan, ní ẹsẹ 27. Ó ní níbi tí àwọn tí kò pọ̀ bá wà, yálà nípa ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí èdè, a kò gbọ̀dọ̀ fi ẹ̀tọ́ dù wọ́n láti gbé àṣà wọn, láti ṣe ẹ̀sìn wọn, láti sọ èdè wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn kà: pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1976. Benin wọ inú rẹ̀ ní ọdún 1992. Ní oṣù kejìlá ọdún 1992 kan náà ni ONU gbé ìkéde kan jáde tó jẹ́ ti àwọn tí kò pọ̀ nìkan.

Ìwé nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìwé ti ń ṣe bí ó bá dé orí ilẹ̀.

Ní Kẹ́ńyà, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, adágún omi kan wà tí wọ́n ń pè ní Bogoria. Omi rẹ̀ níyọ̀. Omi gbígbóná ń hó jáde nínú ilẹ̀ ní etí rẹ̀, bí ìkòkò tó wà lórí iná. Àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ìyẹ́ wọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú máa ń bo ojú omi náà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ láti ayébáyé ni wọ́n ń pè ní Endorois. Wọ́n tó bí 60,000. Darandaran ni wọ́n. Etí omi yẹn ni màlúù àti ewúrẹ́ wọn ti ń lá iyọ̀ ilẹ̀, ibẹ̀ náà ni ojúbọ wọn wà. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí ẹni wọn tó kú, ibi yòówù kí wọ́n sin ín sí, inú adágún yẹn ló ń gbé.

Ní ọdún 1973, ìjọba sọ ilẹ̀ náà di ibi ìpamọ́ ẹranko igbó, kí àwọn àlejò lè máa sanwó wá wò ó. Wọ́n ní kí àwọn Endorois kó jáde. Ìlérí pọ̀: a ó fún yín nílẹ̀ ọlọ́ràá, a ó fún yín níṣẹ́, ẹ ó pín nínú owó tó bá wọlé. Ó kéré tán, 400 ìdílé ló yẹ kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún. Ohun tí àwọn Endorois sọ ni pé ní ọdún 1986, 170 ìdílé ló rí nǹkan gbà, ìdílé kọ̀ọ̀kan gba bí 3,150 ṣílè Kẹ́ńyà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi yọ 170 kúrò nínú 400.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí ilé ẹjọ́ ilé wọn. Ní ọdún 2002, ilé ẹjọ́ náà dá wọn padà lọ́wọ́ òfo. Níbí ni ìbéèrè wa ti dé. Bí ilé bá ti dájọ́, ṣé ó tán? Wọn kò gbà pé ó tán. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ kan ní Kẹ́ńyà àti ẹgbẹ́ kan ní London tó ń jẹ́ Minority Rights Group ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n gbé ẹ̀sùn wọn lọ sí Ìgbìmọ̀ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó wà ní Banjul ní ilẹ̀ Gámbíà.

Ẹ fetí sí ohun tí ìjọba Kẹ́ńyà fi dáhùn, torí ó lè ya ẹ̀yin náà lẹ́nu. Wọ́n ní àwọn Endorois kì í ṣe ẹ̀yà kan lọ́tọ̀, pé ara ẹ̀yà tó tóbi jù wọ́n lọ ni wọ́n. Bí ẹni tó bá wí fún ará Sábẹ̀ẹ́ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ Sábẹ̀ẹ́, nítorí pé èdè yín jọ ti Kétu! Ọ̀nà kan nìyẹn láti gba ohun ọwọ́ ènìyàn: a kọ́kọ́ sọ pé ẹni tó ni ín kò sí.

Ìgbìmọ̀ náà kò gbà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009 wọ́n dájọ́ pé ẹ̀yà ni Endorois, àti pé ilẹ̀ náà tiwọn ni, bí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé ilẹ̀. Wọ́n ní ohun tí ìlú rí gbà nínú ibi ìpamọ́ ẹranko náà kò tó ohun tí wọ́n fi dun àwọn ènìyàn yìí. Kí wọ́n dá ilẹ̀ padà, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lọ síbi ojúbọ wọn, kí wọ́n jẹ́ kí ẹran wọn jẹko, kí wọ́n san owó ìtanràn. Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi ọwọ́ sí i ní oṣù kejì ọdún 2010.

Kí ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ rántí pé UNESCO, àjọ ONU tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ló kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní ọdún 2001 pé ohun iyebíye gbogbo ayé ni, tí inú wa dùn. UNESCO yìí kan náà, ní ọdún 2011, kọ adágún Bogoria sínú ìwé àwọn ohun iyebíye gbogbo ayé, láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn Endorois tí ìdájọ́ ti sọ pé àwọn ló ni ín. Ìgbìmọ̀ Banjul ní láti kọ ìwé ìbáwí. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá lẹ́yìn ìdájọ́ náà, kò sì tíì ṣẹ tán. Ará ìta kan náà lè gbà ọ́ lónìí, kó tẹ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́la láìmọ̀.

Ẹjọ́ kan wà tó tilẹ̀ ṣòroó dá ju ìyẹn lọ, ní Kẹ́ńyà náà. Àwọn Ogiek ń gbé inú igbó Mau. Ọdẹ ni wọ́n, wọ́n sì ń kó afárá oyin. Wọ́n tó bí 20,000. Igbó Mau ni orísun ọ̀pọ̀lọpọ̀ odò, àìmọye ènìyàn tó wà ní ìsàlẹ̀ ló ń mu nínú omi rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, ìjọba fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ péré láti jáde, ó ní igbó ń run, gbogbo ìlú ló ni omi. Ẹ kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò nítumọ̀. A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí odò nígbà tí wọ́n bá gé igi etí rẹ̀ tán. Bí ire gbogbo ènìyàn bá dojú kọ ilé àwọn díẹ̀, èwo ni kí a mú?

Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà tó wà ní Arusha, ní Tànsáníà, béèrè ohun kan tí mo fẹ́ràn: ta ló gé igi náà gan-an? Nígbà tí wọ́n wá a dé ìdí, wọ́n rí i pé kì í ṣe àwọn tó ń kó oyin. Ẹlòmíràn ló wọ inú igbó, ìjọba fúnra rẹ̀ ló gé apá kan pín fún àwọn ènìyàn, ìjọba ló fún àwọn agégẹdú láyè. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2017, wọ́n dá àwọn Ogiek láre. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n ní kí ìjọba san owó tó lé ní 157,000,000 ṣílè fún wọn, kí ó sì dá ilẹ̀ wọn padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tún wọ igbó Mau, wọ́n tún lé àwọn Ogiek jáde nílé wọn.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé nítorí ire gbogbo ènìyàn ni, ẹ bi í léèrè: ṣé gbogbo ènìyàn ló ń san owó rẹ̀, tàbí àwọn díẹ̀ kan ni?

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé díẹ̀. Ní abúlé kan tí mo ti kọ́ni níwèé, pọ́ǹpù kan ṣoṣo ló wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kì í tó. Ogójì ilé ni àwọn Nàgó, àgọ́ mẹ́ta ni àwọn Fúlàní. Wọ́n pe ìpàdé. Ọ̀dọ́kùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ jẹ́ kí a dìbò. Ẹni tó bá fẹ́ kí Fúlàní máa pọn omi lẹ́yìn gbogbo wa, kó na ọwọ́ sókè. Ìjọba àwarawa la wà." Bàbá àgbà kan rọra béèrè pé, "Ọmọ mi, bí o bá ti mọ iye ọwọ́ tí yóò dìde kí o tó bi wá, kí la tún ń dìbò sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin náà kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, màlúù wọn jẹ ẹ̀gẹ́ ìyá mi tán lọ́dún tó kọjá. Ta ló pe ìpàdé lórí ìyẹn?"

Òótọ́ ló sọ. Màlúù máa ń jẹ oko, ènìyàn sì ti kú nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó da màlúù wọ oko gbọ́dọ̀ san án. Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹlòmíràn tó gbé ọmọ pọ̀n, tó gbé garawa dání, kọ́ ló da màlúù náà. Ẹrú kan ní í mú ni bú igba ẹrú. Àwọn àgbà kò fi yin ẹni tó ń búni. Nígbẹ̀yìn wọn kò dìbò. Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni kó kọ́kọ́ pọn, wọ́n sì yan ènìyàn mẹ́ta láti lọ wo oko ìyá náà, kí wọ́n díye lé e. Ó mú sùúrù wá fún ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ariwo tún bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé ohun kan wà tí ìbò kò lè dá. A lè dìbò lórí ẹni tí yóò jẹ olórí, lórí ọ̀nà tí a ó kọ́kọ́ tún ṣe. A kò lè dìbò lórí bóyá kí aládùúgbò mumi. Bí ogójì ọwọ́ bá tilẹ̀ dìde, tí ọgọ́rùn-ún sì dìde, òùngbẹ rẹ̀ kò ní dín. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tọ́ nìyẹn: ohun tí iye ọwọ́ kò lè gbà.

Ṣùgbọ́n kí a má rò pé àwọn tí kò pọ̀ kì í rẹ́ni jẹ. Ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ wà, tí àwọn Òyìnbó bá níbẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn tó ń jẹ́ Sandra Lovelace, ọmọ ẹ̀yà Maliseet, fẹ́ ọkùnrin tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn ní ọdún 1970. Òfin Kánádà wí pé obìnrin tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹ̀yà náà mọ́, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé lórí ilẹ̀ wọn. Bí ọkùnrin ẹ̀yà náà bá fẹ́ ará ìta ńkọ́? Kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ìyàwó rẹ̀ tilẹ̀ di ọmọ ẹ̀yà. Ìgbéyàwó Sandra tú ká, ó fẹ́ padà sílé, ilé kò gbà á. Ní ọdún 1977 ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sí ONU. Ẹsẹ 27 náà ni wọ́n fi dá a láre ní oṣù keje ọdún 1981: a kò gbọdọ̀ dí i lọ́nà láti gbé pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kánádà yí òfin náà padà ní ọdún 1985.

Àwọn kan nínú ẹ̀yà náà bínú sí i. Wọ́n ní ó gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síta. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn kéré, bí gbogbo ẹni tó lọ bá padà wá, kò ní tó. Ọ̀rọ̀ tiwọn náà ní ìdí. Síbẹ̀ èmi kò lè gbà á, nítorí pé ọkùnrin ni kò san nínú ìdí náà, obìnrin ló san gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọ̀ jù nínú kíláàsì wa, mo mọ̀ pé ẹ ó ní ohun tí ẹ ó sọ sí èyí. A ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín.

Ẹnì kan yóò ní Òyìnbó ló mú gbogbo èyí wá láti fi darí wa. Ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àsọdùn, mo ti sọ ti Hitler. Ṣùgbọ́n Ìwé Ẹ̀tọ́ Áfíríkà tí wọ́n fi dá àwọn Endorois láre, àwọn olórí Áfíríkà ló fọwọ́ sí i ní Nairobi ní ọdún 1981. Àwọn ọmọ Áfíríkà ló sì dá ẹjọ́ náà. Ṣáájú kí a tó gba òmìnira pàápàá, ní ọdún 1947, ọmọ Togo kan, Sylvanus Olympio, lọ dúró níwájú ONU ní Amẹ́ríkà, ó gba ẹnu àwọn Ewe sọ̀rọ̀, tí ààlà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì. Wọn kò fún un ní ohun tó béèrè. Ṣùgbọ́n kò sí Òyìnbó tó rán an.

Ìkùnsínú kejì ló ń dá mi lójú rú jù: ilé ẹjọ́ wọ̀nyí kò ní ọlọ́pàá. Wọ́n á dájọ́, ìjọba á ká a pọ̀ sínú àpótí. Kò sí bí mo ṣe lè sọ pé kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, ìjọba Benin tiwa náà fa ọwọ́ padà, ó ní ọmọ ìlú tàbí ẹgbẹ́ kan kò lè dá gbé ìjọba lọ sí Ilé Ẹjọ́ Arusha mọ́. Ilẹ̀kùn tí a ti ṣí fún wa láti ọdún 2016 ni wọ́n tì yẹn. Ti Banjul ṣì ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ènìyàn bá ti kọ́kọ́ gbìyànjú ilé ẹjọ́ ilé kó tó lọ síbẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan yí padà fún àwọn Endorois. Ṣáájú ọdún 2009, bí wọ́n bá ní ilẹ̀ yẹn tiwọn ni, wọ́n á ní kí ni wọ́n fi mọ̀. Lónìí ìwé wà. Ìjọba lè má ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ mọ́ pé àwọn ènìyàn náà kò sí.

Àwa náà ní tiwa. Òfin ńlá ilẹ̀ Benin, ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990, gba Ìwé Ẹ̀tọ́ Áfíríkà yẹn sínú ara rẹ̀. Ní ẹsẹ 11, ó ní gbogbo ẹ̀yà tó wà nílẹ̀ yìí ló ní òmìnira láti sọ èdè wọn, láti kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì gbé àṣà wọn ga, bí wọ́n bá ti ń bọ̀wọ̀ fún ti ẹlòmíràn. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní kíláàsì wa a ti ń túmọ̀ ẹsẹ náà sí Nàgó, gbólóhùn kan lójúmọ́, a sì ń kọ ọ́ sára ògiri pẹ̀lú ẹfun. Obìnrin Fúlàní kan tó ń bá wa jókòó béèrè bóyá a ó kọ ọ́ ní èdè tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní a ó kọ ọ́. A ti fi àyè sílẹ̀ lára ògiri náà. Ẹni tí yóò kọ ọ́ la ṣì ń wá. Bí ẹnì kan nínú yín bá gbọ́ Fúlàní tó sì mọ̀wé kọ, kó wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kíláàsì.